Ohun Tí Òfin Èéfín Kò Sọ

                                                  Ojúlé 418, Òpópónà Garrison,
                                                  Olympia, Washington.
                                                  Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta, 2022.

Berit, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Curtis ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fún un nísinmi? Àwọn ìbejì wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé Hattie ti ga jù ọ́ lọ báyìí. Kò yà mí lẹ́nu, ta ni kò ga jù ọ́ lọ? Adágún yín ńkọ́, ṣé yìnyín orí rẹ̀ ti ń yọ́, àbí àwọn ọkùnrin Duluth ṣì ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò bẹ̀rù ikú? Ní tiwa níhìn-ín, òjò ni, òjò náà sì ni. Orúnkún mi òsì ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ pé a ń jí. Bàbá mi náà wà láàyè, ó ní kí n kí ọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀, tí o bá sì kà á dé ibẹ̀, o lè má fẹ́ gba ìkíni náà mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, tí mo sì pa á kí o tó gbé e. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, èmi náà sì mọ̀ pé ó yẹ kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bá ọ. Ṣùgbọ́n ojú náà gan-an ni n kò ní. Ni mo bá sá sí inú lẹ́tà, bí a ti máa ń ṣe ní kékeré nígbà tí a bá bá ara wa jà, tí ìwọ á ti tìrẹ bọ abẹ́ ilẹ̀kùn wa tí o ó sì sá lọ. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí Nils àbúrò rẹ tó sọ ọ́ fún ọ. Màmá yín kò ní sọ ọ́. O mọ màmá yín.

O mọ iṣẹ́ mi pẹ̀lú. Ìwọ lo máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ni mò ń tà jẹun. Ó dára, afẹ́fẹ́ náà ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa fẹ́ dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù, wọ́n sì ní kí àwa mélòó kan ní ọ́fíìsì wa to òfin rẹ̀. Bí a ṣe tò ó nìyí: a fi gbèdéke lélẹ̀, pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí lápapọ̀ kò gbọdọ̀ tú èéfín kọjá ìwọ̀n báyìí lọ́dún. A wá gé gbèdéke náà sí ìwé àṣẹ wẹ́wẹ́, tọ́ọ̀nù èéfín kan, ìwé kan. Ẹni tí kò ní ìwé kò gbọdọ̀ tú èéfín. Ẹni tó bá fọgbọ́n dín tirẹ̀ kù, ìwé á ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, ó sì lè tà á fún ẹni tí tirẹ̀ kò tó. Lọ́dọọdún la ó máa fa gbèdéke náà wálẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó kù, àwọn lọ́yà ló ń jẹun lórí rẹ̀.

Ibi tó díjú ni ìbẹ̀rẹ̀: ta ni a ó kọ́kọ́ fún ní ìwé? Èmi ni wọ́n gbé apá yẹn lé lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ pé kí a fún àwọn ilé-iṣẹ́ bíi ti bébà tó wà ní Port Halden tiwa lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí èéfín tí wọ́n ti tú sẹ́yìn ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n má baà kẹ́rù lọ sí ibi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sí. Ẹnìkan béèrè nínú ìpàdé wa pé, tí wọ́n bá gba ìwé tán, tí wọ́n wá ti ilé-iṣẹ́ pa ńkọ́? Mo ní kí wọ́n máa mú ìwé wọn lọ. Mo ní bí a bá sọ pé a ó gbà á padà, ńṣe ni wọ́n á máa fi tipátipá dáná ilé-iṣẹ́ ògbólógbòó kí ìwé má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn, èéfín á sì tún pọ̀ sí i. Àlàyé náà já geere. Gbogbo wọn mi orí, mo sì fi inú dídùn lọ jẹun ọ̀sán.

Kí a tó gbé ohun tí a kọ lọ síwájú àwọn kọmíṣọ́nnà, a gbọ́dọ̀ dé àwọn ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn, kí a gbọ́ tẹnu wọn. Marisol, ọ̀gá mi, ní kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ sí Port Halden, pé ìlú ẹni kọ́ ni èèyàn ń lọ ṣojú ìjọba. Mo ní kó fi àwọn èèyàn mi sílẹ̀ fún mi, pé mo mọ èdè tí wọ́n ń gbọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Gbọ̀ngàn abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran ni wọ́n fún wa. Kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀, Berit. Ilẹ̀ aláwọ̀ ewé yẹn náà ni, àga onírin tó máa ń ká ìka mọ́ra yẹn náà ni. Àwọn ìyá ìjọ ti se kọfí, wọ́n ti to lefse, búrẹ́dì pẹlẹbẹ oní-ọ̀dùnkún wa, tí wọ́n fi bọ́tà àti ṣúgà sí sórí tábìlì, àwọn òṣìṣẹ́ bébà sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fìlà wọn lórí eékún. Nils wà láàrin wọn. Àhesọ ti ń lọ láàrin wọn láti ìgbà Kérésìmesì pé àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní New York fẹ́ tì í pa. Mo gbọ́ ọ, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Mo tan àwòrán sára ògiri. Ǹjẹ́ o mọ àwòrán tí mo fi bẹ̀rẹ̀? Ọkọ̀ bàbá mi, Valborg, lẹ́bàá èbúté, bàbá mi àti bàbá rẹ níwájú rẹ̀, tí wọ́n gbé ẹja hálíbọ́ọ̀tì tó ga ju èmi àti ìwọ lọ dání. Mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé mi, n kò ní pẹ́ lórí èyí, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìpín ẹja yẹn náà ni. Ìjọba sọ iye ẹja tí a lè pa lọ́dún, wọ́n pín in fún àwọn ọlọ́kọ̀, ẹni tó fẹ́ tà á tà á, ẹja ò sì tán lókun. Ohun tí a fẹ́ fi èéfín ṣe nìyẹn. Ìpín ẹja yẹn ló rán èmi tí ẹ ń wò yìí nílé ìwé."

Gbogbo gbọ̀ngàn tẹjú mọ́ àwòrán náà. Mo rò pé orí wọn ló ń wú.

Ìtàn tó wà lẹ́yìn àwòrán yẹn, kò yẹ kí n máa sọ ọ́ fún ìwọ tí o jẹ ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí o lè rí i pé mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Nígbà tí wọ́n pín ẹja, àwọn tó ni ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fún, gẹ́gẹ́ bí ẹja tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti pa sẹ́yìn. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn fa ẹja náà jáde nínú òkun kò rí ìpín gba. Bàbá rẹ Arvid ti wà lórí Valborg láti ìgbà tí wọn ò tíì bí wa. Lọ́dún kejì, bàbá mi ta ìpín rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Seattle, ó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, èmi sì wọ yunifásítì nígbà tí ewé ń wọ́. Bàbá rẹ lọ di ọlọ́dẹ ní ilé-iṣẹ́ bébà, ibẹ̀ ló sì wà títí àìsàn àyà fi mú un lọ. Nínú ilé wa, ọdún tí Ọlọ́run rántí wa la máa ń pè é. Ohun tí ẹ ń pè é nínú ilé yín, n kò béèrè rí. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Má bínú sí òwe náà, èmi ni mò ń pa á mọ́ ara mi.

Nígbà tí wọ́n ní kí ará ìlú máa bọ̀ níbi gbohùngbohùn, màmá yín ló kọ́kọ́ dìde. Aṣọ òtútù aláwọ̀ búlúù yẹn ló wọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó tẹ̀lé wa láti Olympia sọ fún wọn pé kí wọ́n dárúkọ, kí wọ́n sì sọ ẹni tí wọ́n ń ṣojú fún, nítorí bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é.

"Gbogbo ilé yìí ló mọ̀ mí," ni màmá yín wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, nítorí ohùn tí a ń gbà sílẹ̀ ni."

"Ó dáa. Alma Aune. Ara mi ni mò ń ṣojú fún, ẹni tí mo lè ṣojú fún ti kú." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Kirsten, ìwé tí ẹ fẹ́ fún àwọn ará New York yìí, ọ̀fẹ́ ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Màmá."

"Torí èéfín tí wọ́n ti tú sẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé àwọn ló tú u ni? Mo rò pé Nils mi ló ń dáná bọ́ílà. Àbí wọ́n máa ń wá ràn án lọ́wọ́ tí mi ò bá sí nílé?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí mo ṣì rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

"Tí wọ́n bá wá ti ibẹ̀ pa lọ́la, ìwé yẹn ńkọ́?"

"Ọwọ́ wọn ló máa wà, Màmá."

"Wọ́n á sì lè tà á."

"Wọ́n lè tà á."

"Kí ló máa wá kan Nils àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀?"

Berit, àlàyé mi tó já geere yẹn wà lẹ́nu mi, tónítóní, kò sì jáde. Ohun tó jáde ni, "Òfin ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn, Màmá."

Wọ́n wò mí. Wọn ò bínú. Ká ní wọ́n bínú ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Wọ́n ní, "Ohun tí bàbá ẹ sọ fún Arvid nìyẹn. Lórí èbúté, lójú mi báyìí." Wọ́n ní ẹ ṣeun, wọ́n sì padà lọ jókòó.

Àwòrán náà ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn mi. Mo yíjú láti pa á, n kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń pa á, ni àwọn bàbá méjèèjì bá ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ìlú títí ẹnìkan fi bá mi fa wáyà rẹ̀ yọ. Ojú gbà mí tì. Àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, bí o bá sì bi mí ní ohun tí wọ́n sọ, n kò lè sọ ọ́. Nígbà tí a parí, mo fẹ́ gba ilẹ̀kùn ìdáná sá lọ, ibẹ̀ gan-an ni màmá yín dúró sí tí wọ́n ń bu kọfí. Wọ́n bu tèmi kún dé ẹnu. Wọ́n ní, "Mu ún kó tó tutù. O ò jẹun láti àárọ̀, mo rí i lójú ẹ." Wọ́n gbé lefse méjì lé mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́ níbẹ̀, lójú wọn, bí ọmọ tí wọ́n ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ inú ìkòkò.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ bàbá mi nílé àwọn arúgbó tó wà. Bọ́ọ̀lù ni Bàbá ń wò. Ohun tí mo fẹ́ gan-an ni kí wọ́n sọ pé irọ́ ni, kí n lè rí nǹkan fi bo ara. Mo bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n ta ìpín ẹja, kí ni wọ́n fún Arvid? Wọ́n dáhùn láìgbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù.

"Mo fún un ní ẹ̀wù òjò mi tuntun. Èyí tí mo rà ní Ballard. Mi ò tíì wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ."

"Kí ni Arvid fẹ́ fi ẹ̀wù òjò ṣe, Bàbá, nígbà tí ọkọ̀ ò lọ sókun mọ́?"

"Kirsten, òfin ò..."

Mo ní kí wọ́n má parí rẹ̀. Wọn ò sì parí rẹ̀. Mo bá wọn gbé ife tíì, mo sì padà wá sílé. Bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀ ni mo rántí ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ọsàn kan tó máa ń kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan mo nawọ́ sí i nígbà tí òjò ká wa mọ́lé yín, ìwọ lo sì gbá mi lọ́wọ́. Mo bínú sí ọ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ahun lo ń ṣe.

Ọjọ́ Ajé ni mo wọ ọ́fíìsì tí mo kọ gbólóhùn kan péré kún òfin náà: pé ilé-iṣẹ́ tó bá ti ara rẹ̀ pa, ìwé àṣẹ tó gbà lọ́fẹ̀ẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó tà á ní gbangba, owó rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ìlú tó gbà á. Marisol kà á. Ó ní ó dára, ó ní ó dára púpọ̀, ó sì ní kò lè wọlé. Àwọn lọ́yà ilé-iṣẹ́ bébà ti bá àwọn àgbà ọ́fíìsì wa jókòó, wọ́n ti fọwọ́ sí i bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè yí i padà báyìí ni kí ará ìlú kan dìde níwájú àwọn kọmíṣọ́nnà kó béèrè ọ̀rọ̀ náà, nítorí dandan ni kí wọ́n dá ohun tí ará ìlú bá béèrè lóhùn ní gbangba kí wọ́n tó dìbò. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n jókòó. Bí wọ́n bá dìbò sí i bó ṣe wà, tí àwọn ará New York sì ti ibẹ̀ pa, ọwọ́ òfo náà ni Nils máa gbé kúrò nídìí bọ́ílà.

Mo padà lọ sí Port Halden. Màmá yín jẹ́ kí n wọlé, ẹ̀wù òjò náà ṣì wà lára ìṣó. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá béèrè ìbéèrè wọn ní Olympia, pé èmi ni n ó fi ọkọ̀ wá gbé wọn. Wọ́n ń ká aṣọ tó gbẹ, wọn ò gbójú sókè.

"Mo ti bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, Kirsten. Ìgbà tí wọ́n wá pín ẹja, nínú gbọ̀ngàn yẹn náà, mo dìde mo bi wọ́n pé àwọn tó ń fa ẹja ńkọ́. Ìwọ wà níbẹ̀. Ìwọ lò ń pín kúkíì kiri."

Mo ní n kò rántí.

"Báwo lo ṣe máa rántí? Kúkíì lò ń pín." Wọ́n to aṣọ tí wọ́n ti ká lé orí ara wọn. "Ẹ̀kẹta, ìwọ ni kó o lọ bi wọ́n."

Èmi ni n ó lọ, Berit. Òṣìṣẹ́ ìjọba kì í dìde tako òfin tí ọ́fíìsì tirẹ̀ kọ. Marisol ti sọ fún mi pé bí mo bá ṣe é, òun ò lè gbà mí sílẹ̀. Mo ti gba ìsinmi ọjọ́ náà, n ó sì tò síbi tí ará ìlú ń tò sí. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣe ohun tó ń jí mi lóru. Lefse yẹn ni, tí mo jẹ tán níwájú màmá yín láìsọ nǹkan kan.

Bá mi kí Curtis, kí ó má gbé ohun tó wúwo. Kí àwọn ìbejì, sọ fún Hattie kó má fi gíga fín ọ níràn jù. Ìkíni bàbá mi wà lókè lẹ́tà yìí, ọwọ́ rẹ ló kù sí.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún, òun sì ni mo ṣe kọ̀wé. Níbi gbohùngbohùn, wọ́n á ní kí n dárúkọ mi, kí n sì sọ ẹni tí mò ń ṣojú fún. Orúkọ mi, mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ sọ pé Arvid Aune tó ṣiṣẹ́ lórí Valborg ni mò ń ṣojú fún, ṣùgbọ́n ilé wa ti gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láìtọrọ rí, n kò sì fẹ́ gba orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbà, kọ̀wé sí mi kí ọjọ́ náà tó pé. Bí o bá kọ̀, tàbí tí n kò gbọ́ nǹkan kan, n kò ní bínú, n ó ṣì dìde. Orúkọ tí n ó fi sísàlẹ̀ lẹ́tà yìí ni n ó dá fún wọn, n ó sì béèrè ìbéèrè màmá yín.

Èmi ni, tìrẹ bí o bá ṣì ń gbà mí,

Kirsten Nesvig,
ọmọ Einar tó ta ìpín ẹja.